Ọwọ́ Sẹ́fíù Kọ́ Ló Ba Purojẹ́kítọ̀ Wa Jẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi létí díẹ̀. Ẹrù kan wà lọ́rùn mi tí mo ti ń rù láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Mo ti rù ú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti rù ú lọ sí kíláàsì. Mo ti rù ú jókòó ti ẹran Iléyá tí kò tọ́ sí mi. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyàwó mi gan-an kò mọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ ohun tó fà á. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Èmi náà ni mo máa ń fi gbogbo àdúgbò ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì yẹ kó kàn mí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ rín in tán kí ẹ tó dá mi lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ẹ̀rín. Ó ti fẹ́ di ọ̀rọ̀ ayé ọmọ ọlọ́mọ.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ báyìí ni pé ọkùnrin tí mo ṣẹ̀ wá bá mi nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kì í ṣe pé ó wá bá mi jà o. Ó wá bẹ̀ mí níṣẹ́ ni. Ó ní kí n bá òun kìlọ̀ fún ọmọbìnrin òun kó má lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná, torí ọwọ́ ìdílé àwọn kì í gbe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi mọ̀ pé irọ́ ni. Èmi nìkan ni mo mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n pe ọkùnrin náà ní Sẹ́fíù. Orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́ nìyẹn.

Tíṣà ni mí. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Ìlọrin, àdúgbò Basin ni mo sì ń gbé. Ìdílé mẹ́ta la jọ wà nínú ilé tí a háyà nígbà náà. Èmi àti ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wà ní iwájú. Màmá Bísí, opó kan tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, wà ní àárín. Bàbá Káyọ̀dé wà lẹ́yìn, òṣìṣẹ́ ìjọba lòun náà, ẹni tí kì í fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bí kò bá tíì jẹun.

Fíìmù fídíò ló gbòde nígbà náà. Gbogbo wa la máa ń kó ara wa sínú pálọ̀ mi, ṣùgbọ́n tẹlifíṣàn mi kò ju agolo bisikíìtì lọ. Àwọn ọmọ á jókòó síwájú, àwa àgbà á máa na ọrùn bí ògòǹgò. Lọ́jọ́ kan, Bàbá Káyọ̀dé dìde láàárín fíìmù, ó ní, “Tíṣà, ó dàárọ̀ o. Ìpàkọ́ ọmọ yín ni mo wò tán, n ò rí fíìmù kankan.”

Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ purojẹ́kítọ̀, ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri bíi ti sinimá. A ní kí ìdílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá owó jọ, kí a ra èyí tí agbára wa ká, tí a ó lè fi wo fíìmù, tí àwọn ọmọ á sì lè fi ta gèémù. Wọ́n ní èmi ni kí n lọ yàn án torí pé èmi ni mo kàwé jù. Ẹ jọ̀ọ́, ìtàn ayé àtijọ́ ni mo kà ní yunifásítì. Ohun tí mo mọ̀ nípa iná kò ju kí n tàn án kí n sì pa á lọ.

Mo bá gba àdúgbò Gàmbàrí lọ bá Sẹ́fíù, tó ń tún tẹlifíṣàn àti fídíò ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ilé bàbá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, màá ní, “Sẹ́fíù, o ti tún ba nǹkan ta ni jẹ́ lónìí?” Òun náà á ní, “Ti yín ló kù, Tíṣà. Ẹ gbé e wá.” Eré la máa ń fi í ṣe. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ń bọ̀ wá lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Mẹ́ta la rí. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti baba kan tó ti fi í ṣe sinimá kiri abúlé rí, èyí tó ń lo fíìmù tí wọ́n ká róbótó bí òṣùká. Nígbà tó tàn án, ó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Sẹ́fíù ní, “Tíṣà, kò sí ibi tí a ó gbà so fídíò mọ́ eléyìí, ká má tiẹ̀ sọ ti gèémù. Àwọn ọmọ á kàn máa gbọ́ ariwo.”

Èkejì ti òtẹ́ẹ̀lì kan tó kógbá sílé wá. Ojú mẹ́ta ló ní, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Bí ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fẹnu kò, kò sí àwòrán tó lè dára tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́rin ló ń gbé e, bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣèèṣì fi ìdí kàn án, gbogbo rẹ̀ á dà rú. A rí òṣèré kan tí orí rẹ̀ pupa wà lápá ọ̀tún, tí orí rẹ̀ búlúù wà lápá òsì. Sẹ́fíù mi orí. “Ẹni tó bá lọ́mọ nílé kì í ra eléyìí.”

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti òyìnbó olùkọ́ yunifásítì kan tó ń padà sílùú rẹ̀, tó ń ta ẹrù ilé rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló ní, ènìyàn sì lè gbé e sábẹ́ apá. Fídíò ń wọ̀ ọ́, gèémù ń wọ̀ ọ́. Àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó ti olójú mẹ́ta, bí ẹ bá sún mọ́ ògiri ẹ óò rí i bí ojú asẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sórí àga kò ní mọ̀. Agbára wa sì ká a.

Sẹ́fíù ṣí i wò fínnífínní. Ó wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ẹ rà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Gílóòbù inú rẹ̀ gbóná ju ààrò lọ, kò sì sí irú ẹ̀ ní gbogbo Ìlọrin. Bí ẹ bá pa á, ẹ má yọ wáyà. Fáànù inú rẹ̀ á ṣì máa fẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kó fẹ́ ẹ títí tó fi máa dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mí.”

Mo ní, “Ṣé NEPA ti gbọ́ òfin yìí?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Bí NEPA bá mú iná, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ bí ìyàwó tuntun ṣe ń fẹ́ ọkọ rẹ̀. Wàláhì, mi ò ṣeré. Ẹ ṣáà má bò ó nígbà tó bá gbóná.”

Ó kìlọ̀ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó mi mọ bí ilé wa ṣe rí nígbà náà. Kò sí ẹ̀rọ tó ń wà níhòòhò. Tẹlifíṣàn ń wọṣọ, rédíò ń wọṣọ, àní fáànù pàápàá ń wọṣọ nígbà ọyẹ́. Ilé tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá wọṣọ, a máa ń wò ó bí ilé tí kò níyàá. Purojẹ́kítọ̀ wa kò gbọdọ̀ ṣe aláìní. Mo mú fẹ́lífẹ́ẹ̀tì pupa lọ bá télọ̀, mo ní kó fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú rẹ̀, kó sì fi wajawaja aláwọ̀ wúrà sí etí rẹ̀. Nígbà tí Sẹ́fíù rí i, ó ní, “Tíṣà, ẹ̀rọ lẹ rà àbí ẹ jọba?”

Pálọ̀ mi ni wọ́n gbé e sí, torí ògiri mi funfun, kọ́tìnnì mi sì nípọn. Màmá Bísí fi òfin kan lélẹ̀. Ó ní torí gílóòbù yìí kò ní àrọ́pò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tàn án àfi bí ìdílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé. Ó wò mí bó ṣe ń sọ ọ́. “Tíṣà, mo mọ̀ yín o. Ẹ̀yin lẹ ni kọ́kọ́rọ́ pálọ̀.” Mo búra. Mo tiẹ̀ na ọwọ́ sókè.

Ẹ ò rí bí inú wa ṣe dùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́! Ògiri mi di nǹkan ńlá. Bàbá Káyọ̀dé ti jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín. Sẹ́fíù wá pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, Ráfátù, tó wà ní ìparí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn fíìmù, a so gèémù mọ́ ọn, eré ìje mọ́tò. Mo gbé ọ̀kan nínú páàdì tí wọ́n fi ń wà á, Ráfátù gbé èkejì.

Ọmọ náà nà mí. Ó tún nà mí. Mọ́tò mi ò ṣáà kúrò nínú kòtò. Gbogbo pálọ̀ ń pariwo. Ráfátù á ní, “Tíṣà, ẹ tún ti wọ gọ́tà o! Ṣé kí n fà yín jáde?” Èmi tí mo máa ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní olódo ní kíláàsì, èmi ló ń bá wí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí mo bá kọjá lójúde, àwọn ọmọ á ní, “Tíṣà Gọ́tà!” Bàbá Káyọ̀dé náà bá wọn pè é. Ó dùn mí. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí ojú tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí gan-an. Ẹni tó ń fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ kì í lè gba yẹ̀yẹ́ mọ́ra.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Sátidé kan ni, ọyẹ́ ń fẹ́, eruku bo gbogbo nǹkan. Àwọn àna Bàbá Káyọ̀dé ń bọ̀ wá kí i nírọ̀lẹ́, ó sì ti fi fíìmù orí ògiri yangàn fún wọn. Torí bẹ́ẹ̀, Sẹ́fíù wá láàárọ̀, òun àti Ráfátù, láti tú ẹ̀rọ náà kó sì fẹ́ eruku inú rẹ̀. Ó ṣe é dáadáa. Ó dì í padà, ó tàn án, ìmọ́lẹ̀ bọ́ sára ògiri. Ó pa á, ó dúró tì í títí fáànù fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n padà sí Gàmbàrí kí ìrun àìlà, ti ọ̀sán, tó kọjá.

Ìyàwó mi ti kó àwọn ọmọ lọ sílé ní Ọ̀mù-Àrán. Màmá Bísí lọ sọ́jà. Bàbá Káyọ̀dé lọ wá ohun tí àwọn àna á jẹ. Ó ku èmi àti ẹ̀rọ.

Mo ní kí n kàn fi gèémù náà kọ́ra díẹ̀. Mo fẹ́ wà á láìwọ gọ́tà lójú àwọn àna, kí orúkọ Tíṣà Gọ́tà tán nílẹ̀. Mo fa kọ́tìnnì, mo tàn án. Mo wa mọ́tò, mo wọ gọ́tà. Mo tún wà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ mi lọ́wọ́, inú mi ń dùn, n kò mọ̀ pé ọ̀sán ti ń lọ.

Mo gbọ́ gééètì. Mo gbọ́ ohùn Màmá Bísí: “Tíṣà, ṣé ẹ wà nílé?”

Ẹ̀rù bà mí bí ọmọ ilé-ìwé. Mo rántí ọwọ́ tí mo nà sókè. Mo fa wáyà yọ lára ògiri, fáànù dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé fẹ́lífẹ́ẹ̀tì bò ó, mo fi etí rẹ̀ há abẹ́ ẹ̀rọ dáadáa kó lè dà bíi pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo ju ara mi sórí àga.

Ó wọlé, ó jókòó. Ó fẹ́ bi mí bóyá àga á tó fún àwọn àna. Ẹ mọ̀ bí àwọn obìnrin kan ṣe máa ń bi ìbéèrè kan, kí wọ́n tó dìde wọ́n á ti ròyìn gbogbo ọjà. Ó ń sọ̀rọ̀, mò ń làágùn. Ó dákẹ́, ó fa imú.

“Tíṣà, kí ló ń jóná?”

Mo ní, “Ẹ̀wà ni.”

“Ẹ̀wà? Ìyàwó yín ò sí nílé, ẹ̀yin lẹ ń se ẹ̀wà? Ayé mà ti ń parí lọ o!” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rín. Àárín ẹ̀rín yẹn ni mo gbọ́ ọ lábẹ́ aṣọ. Pá. Ohùn kékeré. Mo hú ikọ́ lé e lórí.

Nígbà tó lọ, mo ká aṣọ náà. Ooru gbá mi lójú. Mo ki wáyà padà, fáànù yí, ìmọ́lẹ̀ kò tàn. Mo yọ ọ́. Mo tún bò ó. Kí ni kí n ṣe? Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó sọ, àwọn àna sì dé.

Nírọ̀lẹ́, pálọ̀ kún. Bàbá Káyọ̀dé wọ agbádá. Ó fúnra rẹ̀ ká fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, ó tẹ bọ́tìnnì. Òkùnkùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Àna rẹ̀ àgbà ní, “Ṣé báyìí ni sinimá náà ṣe ń rí?” Ojú ti Bàbá Káyọ̀dé, ó yíjú sí wa.

“Ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn?”

Mo la ẹnu. Mo ní, “Sẹ́fíù tú u láàárọ̀.”

Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. Òótọ́ ni. Títí di òní, n kò tíì pa irọ́ tó tóbi tó òótọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ sí i. Ó wá pẹ̀lú Ráfátù. Ó tú ẹ̀rọ náà lójú wa. Gílóòbù ti fọ́ yángá, ike kékeré inú rẹ̀ tí àwòrán ń gbà kọjá sì ti ká kò bí ọ̀rá tó kan iná. Kò sí àtúnṣe. Ó jókòó. Lẹ́yìn náà ó wò mí.

“Tíṣà, ṣé kò sẹ́ni tó tàn án lẹ́yìn tí mo lọ?”

“Rárá.”

“Ẹ ò sì bò ó pẹ̀lú ooru?”

Mo ní, “Sẹ́fíù, bí a ò bá tàn án, níbo ni ooru á ti wá?” Mo sọ ọ́ bí ọlọ́gbọ́n. Màmá Bísí tiẹ̀ mi orí pé mo ti fèsì.

Sẹ́fíù bá wo ìka ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Nígbà náà, èmi ni. Bóyá mo fi ọwọ́ lásán kan gílóòbù. Ọ̀rá ìka ènìyàn a máa jẹ́ kó gbóná jù, kó sì fọ́. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì gbàgbé. Kádàrá Ọlọ́hun ni. Ẹ forí jì mí.”

Ráfátù ní, “Bàbá, aṣọ funfun lẹ fi dì í mú. Mo rí yín.”

Ó jágbe mọ́ ọn: “Dákẹ́! Ṣé ìwọ lo máa gbèjà mi níwájú àwọn àgbà?” Ọmọ náà dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ìdákẹ́ tèmi ló burú.

Màmá Bísí kò dákẹ́ ní tirẹ̀. “Ọwọ́ yín kò mọ́ lára nǹkan ẹlẹ́gẹ́, ẹ ò sì sọ fún wa!” Ọ̀rọ̀ náà jáde sí Basin, ó dé Gàmbàrí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe Sẹ́fíù ní Ọwọ́-Iná. Ó gbé tẹlifíṣàn ńlá inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá fún wa dípò ohun tó bàjẹ́. Nígbà tí a pín yà, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan kó lọ sí ilé tirẹ̀, àwọn yòókù ní kí n máa mú un lọ. Ó ṣì wà ní pálọ̀ mi. Òun ni mo fi ń wo ìròyìn.

Mo fẹ́ sọ. Mo búra pé mo fẹ́ sọ. Mo ní kí àwọn àna padà sílé ná. Wọ́n padà. Mo ní kí inú Bàbá Káyọ̀dé rọ̀ ná. Ó rọ̀. Mo wá lọ sí Gàmbàrí lọ́jọ́ kan láti sọ ọ́, mo bá Sẹ́fíù nídìí fídíò ẹnìkan. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó gbé irin sílẹ̀, ó ní, “Tíṣà, n ò dá ara mi lójú mọ́. Bí mo bá ti fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan, màá kọ́kọ́ rí gílóòbù yín.” Ẹ̀rù bà mí. Ohun tí mo ṣe ti tóbi ju bí mo ṣe rò lọ. Dípò kí n jẹ́wọ́, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín, mo sì lọ sílé.

Kò pẹ́ sí i, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ó lọ sí Òkè-Òyì nítòsí Ìlọrin, sórí ilẹ̀ àwọn ìyá rẹ̀. Iṣu ló ń gbìn, tó ń tà lẹ́bàá títì. Ọwọ́ tó mọ inú tẹlifíṣàn bí ẹni mọ inú ilé rẹ̀, ọkọ́ ló wà níbẹ̀ báyìí.

Èyí tó ń pa mí jù ni Iléyá. Kò sí Iléyá kan tí kì í gun alùpùpù wá láti Òkè-Òyì pẹ̀lú itan àgbò. Á lóṣòó díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí mi, èmi tó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ fún un. Á ní, “Tíṣà, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò bú mi lọ́jọ́ yẹn. Mi ò lè gbàgbé.” Ìyàwó mi á gbé ẹran wọlé, á máa ṣàdúrà fún un. Á sè é. Màá jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ pé ó fà á tí n kò fi ní jẹ ẹ́?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá láìṣe Iléyá. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní Ráfátù ti parí sẹ́kọ́ńdírì, ó sì yege gan-an. Ó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ní yunifásítì. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé láti ọjọ́ pípẹ́ lọmọ náà ti ń bá àwọn ará Òkè-Òyì tún rédíò ṣe ní kọ̀rọ̀.

“Mo kó gbogbo irin rẹ̀ jù sígbó. Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ọwọ́ wa ṣe. N ò fẹ́ kí wọ́n pe ọmọ mi ní orúkọ tí wọ́n pè mí. Kó lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà bíi tiyín, iṣẹ́ tí kò lè ba nǹkan oní-nǹkan jẹ́. Ọ̀rọ̀ yín ló máa gbọ́. Ẹ bá mi sọ fún un.”

Ọ̀rọ̀ náà dé ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Mo ní, “Màá bá a sọ̀rọ̀.” Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọwọ́ mi mú, ó ń dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Ráfátù fúnra rẹ̀ wá. Ó ti di ọmọge, ó ga ju bàbá rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ fi eré bẹ̀rẹ̀. Mo ní, “Awakọ̀! Ṣé wàá fà mí jáde nínú gọ́tà lónìí?”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó sétí àga. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun kan ṣoṣo ni mo wá bi yín. Ṣé lóòótọ́ ni pé bàbá mi ló ba ẹ̀rọ yẹn jẹ́?”

Mo ní, “Ráfátù, ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́.”

“Mi ò bi yín bó ṣe pẹ́ tó, sà.”

Mo ní kí n bu omi wá fún un. Ó ní, “Aṣọ funfun ni bàbá mi fi mú gílóòbù yẹn. Mo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí nígbà náà, ó ṣeé ṣe kí n má rí i dáadáa. Bí ẹ bá sọ fún mi pé bàbá mi ni, màá gbà. Màá lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà tí wọ́n ní kí n kọ́, n ò ní bá wọn jiyàn mọ́. Ẹ̀yin lẹ wà nílé lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ṣáà sọ fún mi.”

Mo ní kó fún mi di Sátidé. Mo ní màá wá sí Òkè-Òyì fúnra mi. Ó dìde, ó kí mi, ó lọ. N kò tíì sùn dáadáa láti ìgbà yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà tó ń ka èyí, mo mọ ohun tí ẹ óò sọ. Ẹ ó ní kí n lọ sọ òtítọ́. Mo ti gbà. Mo ń lọ. Tí mo bá ba ayé bàbá jẹ́, tí mo tún ba ti ọmọ jẹ́, kí ni màá sọ fún Ẹlẹ́dàá mi? Kì í ṣe bóyá kí n lọ ni mo ń bi yín.

Ohun tí n kò mọ̀ ni ẹni tí n ó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Bí mo bá sọ ọ́ fún Ráfátù ṣáájú, màá jẹ́ kó rí bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí mo fi ṣe òmùgọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Bí mo bá sọ ọ́ fún Sẹ́fíù ní kọ̀rọ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé á ní kí n má sọ ọ́ síta mọ́, torí ọ̀làwọ́ ni, á fẹ́ bo àṣírí mi. Bó bá sì bò ó, Ọwọ́-Iná ni wọ́n á máa pè é títí láé. Àbí kí n kọ́kọ́ lọ pe Màmá Bísí àti Bàbá Káyọ̀dé, kí a jọ lọ, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi níwájú rẹ̀? Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ńkọ́? Kí ni ènìyàn máa ń san fún ọwọ́ tí ó kọ́ láti gbọ̀n?

Sẹ́fíù, bí wọ́n bá ka èyí sí ọ létí kí n tó dé, jọ̀ọ́, má ṣe kúrò nílé. Ọwọ́ rẹ mọ́. Ọwọ́ rẹ ti mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo tàn án, èmi ni mo yọ wáyà, èmi ni mo bò ó pẹ̀lú ooru rẹ̀ lẹ́yìn tí o ti kìlọ̀ fún mi.

Ẹ̀yin yòókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àròkọ, mo jókòó láti àárọ̀, n kò rí bí n ó ṣe bẹ̀rẹ̀ tèmi níwájú ọkùnrin yẹn. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín. Ìyókù, bí mo bá ti dọ̀bálẹ̀, màá sọ ọ́ láti ilẹ̀ ibẹ̀.